Káàdì Kékeré, Láptọ́ọ̀pù Ńlá, àti Pátákó Ẹ̀yìn Tábìlì

Ilé Onígéètì Dúdú,
Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi,
Òpópónà Kejì.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Oníwọ̀n, ẹni tí a jọ jẹ ìyà lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ojú tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ńkọ́? Ta epo sí i. Ní tèmi, n kò ṣàìsàn, mò ń jẹun, mò ń sùn. Ẹni tó bá bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kì í dá a lóhùn.

O mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Tíṣà obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ mi, bó ṣe ti ẹnu mi jáde ni kó kọ ọ́. Gbọ̀ngán la jókòó sí. Ọmọbìnrin mi wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wá páálí tí yóò fi di láptọ́ọ̀pù kan padà fún ẹni tó ni ín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́jà fẹ́ gbà á. Aago mẹ́wàá ti lù. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan kí aago mẹ́rin tó lù.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. O mọ iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe. Òun ló máa ń ya ilé àti afárá sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì, tí onílé á máa rìn káàkiri nínú ilé tí a kò tíì kọ́. Àwa káfíńtà, pẹ́ńsùlù etí la fi ń yà á sára pátákó. Lóṣù tó kọjá, ẹnjiníà àgbà kan ránṣẹ́ pè é sí iṣẹ́ afárá gígùn kan, iṣẹ́ ọdún méjì. Wọ́n ní ó lè máa ṣe é láti ilé, ó sì lè wá bá wọn gbé níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó bíi tèmi, kò lè gbé afárá náà.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ọkùnrin náà gbé nǹkan méjì sórí káńtà. Ọ̀kan jẹ́ káàdì kékeré tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Inú àpótí kọ̀ǹpútà tó ti wà nílé ni wọ́n ń kì í bọ̀, òun ni yóò máa ya àwòrán. Èkejì jẹ́ láptọ́ọ̀pù tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ó ní káàdì tirẹ̀ nínú, wọ́n ti jó o mọ́ ọn, kò ṣe é yọ.

Ọlọ́jà wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà?”

Mo ní, “Rárá o, mo fẹ́ fi kan ìṣó ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá là á yé mi. Iná tí káàdì kékeré ń jẹ kò ju ti gílóòbù àtijọ́ kan lọ. Kì í pariwo, kì í rẹ̀ ẹ́, ìrántí rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń gbé iṣẹ́ dání, sì jẹ́ ìwọ̀n ogún. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ iná tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ó sì yá jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìrántí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí iṣẹ́ bá tóbi ju ìrántí rẹ̀ lọ, yóò kọ̀ ọ́ ni, àfi kí a gé iṣẹ́ náà sí méjì. Mo ní, “Ẹṣin lèyí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìyẹn.” Ó ní mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun. Ó jẹ́ kí a gbé méjèèjì lọ sílé fún ọjọ́ méje, kí a dá ọ̀kan padà.

Lójú ọ̀nà ni ọmọ mi ti sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá mi, bí láptọ́ọ̀pù bá borí, mo máa gbé e lọ síbi afárá. Bí káàdì bá borí, mo máa jókòó sílé ṣe é. Mi ò fẹ́ fi ọkàn yàn án. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yàn án fún mi.”

Mo ní ó dára. Oníwọ̀n, láti ọdún méjì tí a ti sin ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ yìí nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé, yàtọ̀ sí tèmi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n kan tábìlì tó ní kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́, níbi tí láptọ́ọ̀pù yóò wà, kí eruku pákó láti ilé ìlagi má baà wọ inú rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo máa lu ihò mẹ́fà sí lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ náà lè máa mí. Mo lu ihò náà. Nígbà tí mo parí, mo wo ẹ̀yìn tábìlì mi, ó dà bí igi tí kòkòrò jẹ. O rántí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ, pé ẹ̀yìn àga la fi ń mọ káfíńtà. O rántí ìgbátí tó fún ọ nítorí ẹ̀yìn àpótí kan. Mo bá mú pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo kàn án bo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi sáńdípépà ha á, mo kun ún ní pólíìṣì, mo tì í mọ́ ògiri. N kò sọ fún ọmọ. Láti inú, ihò dúdú lèèyàn máa rí, nǹkan ì báà bò ó, ì báà má bò ó.

Lọ́jọ́ Ajé ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Apá kan náà lára afárá ló fún àwọn méjèèjì. Káàdì kékeré ṣe é ní ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kò mí hẹlẹ rárá. Láptọ́ọ̀pù gbéra bí olè tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò. Ó ní, “Ọlọ́jà yẹn purọ́ fún mi.” Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó jáde, ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, mo fa tábìlì sẹ́yìn. Ọwọ́ mi kan pátákó yẹn. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe iná tí a bá dí ihò ààrò. Òòlù mi wà lápò mi. Mo fà á yọ, mo tún dá a padà sápò. Lẹ́yìn náà mo ti tábìlì padà mọ́ ògiri.

Bí mo ṣe sọ èyí tán, tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó kọ ìyẹn náà, kí o lè rí bó ṣe ń bá mi jà nínú ilé mi.

“Bàbá, ṣé ọmọ yín ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí?”

“Kọ ohun tí mo sọ.”

“Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.”

“Èmi ò ní ogún ọdún mọ́. Ìwé ni mo ní kí o wá kọ, mi ò pè ọ́ sí ìwàásù.”

“Ọwọ́ tèmi ni mo fi ń kọ ọ́, Bàbá. Ẹ lọ sọ fún un. Tí ẹ bá dé, ẹ máa bá mi níbí.”

N kò kúrò níjòkòó. Nínú yàrá, mo gbọ́ tí ọmọ ń fa téèpù lẹ páálí. Mo dìde.

*

Mo ti padà dé. Aago méjì ti kọjá.

Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí páálí. Mo ní, “Tú u. Mo dí ihò ẹ̀yìn tábìlì.”

Ó ní, “Nígbà wo?”

“Kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó na ọwọ́, ó ní, “Ẹ fún mi ní òòlù.” Ó fa tábìlì, ó fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì. Pátákó náà ṣẹ́ sí méjì. Ó gbé láptọ́ọ̀pù padà sáyè rẹ̀, ó fún un ní afárá. A dúró dè é. N kò ní purọ́ fún ọ, mo ń gbàdúrà pé kó kùnà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló lò.

Ó wá fún un ní odindi afárá pẹ̀lú ọ̀nà ìhà méjèèjì. Ẹ̀rọ náà kọ̀, ìrántí rẹ̀ ti kún. Mo mí kanlẹ̀. Ọmọ gé iṣẹ́ náà sí méjì, ó ṣe ọ̀kan, ó ṣe èkejì. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́rú, wákàtí méjì ni káàdì fi ṣe odindi rẹ̀.

Ó ní, “Káàdì yìí dáa, Bàbá mi. Kò dí mi lọ́wọ́, kò sì dà mí. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ló borí.” Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ̀yin ìbá kàn ti sọ pé kí n má lọ.”

“Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa lọ?”

“Mi ò ní lọ.”

“Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́.”

Ìyẹn ló pa á lẹ́kún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pátákó. Ní báyìí káàdì kékeré ló wà nínú páálí, ó ti gbé e jáde lọ bá ọlọ́jà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó lọ síbi afárá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí àwọn ọmọ. Kí káfíńtà yòówù tó bá ṣẹ́kù lára ẹgbẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, o ní o máa dúró tì mí fún oṣù kan. Mo ní kí o gba ilé rẹ lọ, pé èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́, mo sì sọ ọ́ níwájú èrò. Mo ṣe àṣìṣe. Mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí, wá. Rí i pé o dé kí ọmọ tó lọ. N kò fẹ́ kó bojú wẹ̀yìn látinú ọkọ̀, kó wá rí i pé èmi nìkan ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tìrẹ, bí mo tilẹ̀ lé ọ nígbà kan,
Olóòlù.