Àdúrà Tó Lé Basilia Lọ

                                        Ilé Mallena Loddo,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè,
                                        Orrulè, Ogliastra,
                                        Sardinia.
                                        Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kọkànlá, 2012.

Bonaria mi àtàtà, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe mi, ìyàwó ilé wa,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Charleroi níbẹ̀? Orúnkún ńkọ́? Ṣé òtútù Bẹ́líjíọ̀mù ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú egungun? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti Sandrine ọmọ-ọmọ rẹ tó ń tọ́jú rẹ? Mo kí gbogbo yín o. Èmi náà wà níbí. Mo ń mí, mo ń gun òkè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi sì ń bá búrẹ́dì jà. Ọpẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé Gesuino ọmọ mi ti tẹ̀ yín láago pé Basilia ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Kò lè sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, torí pé Cagliari ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú. Etí tèmi ò sì gbọ́ tẹlifóònù mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé.

O mọ bí a ṣe ń kí ara wa nílé. "A kent'annos!" Ká tó ọgọ́rùn-ún ọdún o! Bí ẹnì kan bá sín, à ń kí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ife wáìnì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí síbí mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún, a kì í wí i fún un mọ́. "Ẹ ó tún lò púpọ̀ sí i" là ń wí. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa.

Lọ́jọ́ tí Basilia pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n tẹ́ tábìlì sójúde ṣọ́ọ̀ṣì. Culurgiones tí wọ́n fi ọ̀dùnkún kún inú wà, ẹran ewúrẹ́ wà, wáìnì pupa wà. Olórí ìlú sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Dókítà kan wà níbẹ̀, Fabrizio, ará Turin, tó ti ń yí àwa arúgbó ká láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wa, tó ń bi wá ní ohun tí a jẹ àti ọjọ́ orí tí àwọn òbí wa fi kú. Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ fi hàn wá pé òun ti ń gbọ́ èdè wa, ló bá dìde, ó gbé ife sókè, ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Tzia bí a ṣe ń pe àwọn ìyá àgbà, ó pariwo pé, "Tzia Basilia, a kent'annos!"

Gbogbo wa gbé ife wa sílẹ̀.

Basilia ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dókítà, mo ti débẹ̀ ná. Ṣé kí n bọ́ sílẹ̀ ni?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín ní tèmi. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá ti ń ṣàwàdà báyẹn, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé wàrà kíkan àti ẹ̀wà fún un, ó ní òun ò jẹ. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Mallena, láti kékeré ni gbogbo ìlú ti ń gba àdúrà yìí fún mi. Ó ti gbà. Bí a bá ti ṣe àmín tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí là ń dúró ṣe? Ṣebí ilé là ń lọ." Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò níbẹ̀! Ta lẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?" Ó ní, "Ìwọ? Agídí ẹ á máa bá ẹ gbé."

Fabrizio gbọ́, ó sáré dé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò mọ̀, kí Tzia dárí ji òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé díẹ̀ nínú ẹ̀mí gígùn ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wá, pé èyí tó pọ̀ jù ni òkè tí a ń gùn, ẹ̀wà tí a ń jẹ, afẹ́fẹ́ tí a ń mí, àti pé a kì í dá jẹun. Ó ní ara Basilia ṣì le koko. Basilia ní, "Antiogu àbúrò wa ńkọ́? Ṣebí ọmú kan náà la jọ mu."

Ìwọ lo mọ ìdáhùn yẹn ju gbogbo wa lọ, Bonaria. Ìwọ lo fọ aṣọ èédú tí Antiogu ọkọ rẹ ń wọ̀ bọ̀ láti inú kòtò ìwakùsà ní Charleroi, ìwọ lo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ká ní ó dúró ti ewúrẹ́ bàbá wa ni, bóyá òun náà ì bá jókòó nídìí tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n ebi ń pa ilé nígbà náà, ẹ̀yin méjèèjì ò sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Mo ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe. Mo sebẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sọ òfófó ìlú fún un. Á mu ọbẹ̀ náà ní ṣíbí méjì, á kọjú sí ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ń ya irun fún un, ó ní, "Rọra o, ṣé o fẹ́ fa orí mi já ni?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ nìyẹn; ọwọ́ mi ló kú sí.

Àárò rẹ̀ ń pa mí, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa méjì ṣe tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ṣì ń se oúnjẹ ẹni méjì. Ilé pa lọ́lọ́.

Fabrizio tún wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Basilia àti tèmi ò yàtọ̀. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀, ó ní, "Tzia Mallena, ẹ lè lo àádọ́fà ọdún o!" Ẹ̀rù bà mí, Bonaria. Mo ní, "Ta ni yóò máa bá mi jẹun títí di ìgbà náà?" Ó pa àpò rẹ̀ dé, ó jókòó, ó bá mi jẹun. Ó yára jẹ ẹ́, torí ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ lọ.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi fi òdòdó sórí sàréè Antiogu lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá gbà á.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Gbogbo ìlú yìí ló ń pè mí ní "ẹ". Olórí ìlú, àlùfáà, Gesuino, títí kan àwọn ìyá àgbà tí mo pọ̀n nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó. Basilia nìkan ló kù tó ń sọ "ìwọ" sí mi. Ìwé rẹ tó kẹ́yìn, Sandrine ló bá ọ kọ ọ́, nítorí ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ máa tọ́jú ara yín." Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n, ìwọ fúnra rẹ gbé bírò. Ìlà kan péré ti tó. Bú mi bó o bá fẹ́. Ṣáà pè mí ní ìwọ.

                                        Èmi ni tìrẹ láti kékeré,
                                        Mallena.