Òjé Inú Kànga Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ilé yín ní Kabba ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì tí ẹ ti máa ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sán ni. Ìyá ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ilé sì dákẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀ rí. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún un.

Ọ̀rọ̀ kànga ni, àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, Bàbá Délé oníbátìrì.

Ẹ rántí ìgbà tí àwọn tó wá yẹ omi àdúgbò wò sọ fún yín pé òjé, irin tó ń pa ènìyàn lára, wà nínú omi kànga wa. Ẹ ò béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kàn wo ọgbà kejì, níbi tí Bàbá Délé ti ń tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, tó ń da omi inú wọn sílẹ̀, ẹ sì gbà pé ibẹ̀ ni òjé náà ti wá. Ẹ to pákó bo kànga. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò tún fẹsẹ̀ kan ilé ọkùnrin tí ẹ jọ ń lọ oko kajú láti ìgbà ọ̀dọ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, mo rí Bàbá Délé létí títì, ó wọ aṣọ funfun, ó ń wo ẹnu ọ̀nà wa. Kò wọlé. Mo rí i dáadáa, mo sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo pinnu pé mo máa fìdí òótọ́ múlẹ̀ fún yín. Mo bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga. Mo bu erùpẹ̀ ọgbà Bàbá Délé lẹ́bàá ògiri, lọ́jọ́ tí kò sí nílé. Mi ò tọrọ àyè. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí òkè òkun, sí ẹnì kan tí a jọ ń ṣe ìwádìí, nítorí pé wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ́kísíréè kan níbẹ̀ tó tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé nǹkan fún wa. Wọ́n á tan ẹ́kísíréè sí erùpẹ̀ náà, wọ́n á máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ibì kan, òjé inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì lójijì, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á sì ga fíofío bí òkè. Ibi tí òkè náà ti bẹ̀rẹ̀, àti bí orí rẹ̀ ṣe rí, ni a fi ń mọ irú òjé tó jẹ́, bóyá ti bátìrì ni tàbí ti inú àpáta.

Ṣùgbọ́n òkìtì nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Sọ́fítíwíà kan ló wà tí a fi ń sọ wọ́n di ìlà. Hà, Bàbá, ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó kọ̀, kò ṣí fáìlì náà, ó ní òun kò rí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀. Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí fáìlì náà ló ń dí i lọ́nà. Mo pa wọ́n rẹ́, ó ṣí. Ló bá tún di pé bí mo bá ti ṣiṣẹ́ dé ìdajì, á kàn pa ara rẹ̀ dé. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà, mo tún un yọ. Ìyanṣẹ́lódì là ń bá yí lákòókò náà, ọgbà iléèwé ṣófo, koríko ti ga dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi. Odidi ọjọ́ á kọjá, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi kọ̀ǹpútà yẹn, èébú sì lọ̀pọ̀ ohun tí mò ń sọ fún un.

Nígbà tó wá gbà fún mi, mo gbé ìlà ẹrẹ̀ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà òjé bátìrì tí àwọn onímọ̀ ti yà sílẹ̀ fún àfiwé. Ìbẹ̀rẹ̀ òkè méjèèjì bára mu. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gbèjà yín. Mo pe Ìyá lórí fóònù, mo ní, “Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló ti wá.”

Ìyá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí àwọn àgbà àdúgbò fi pe Bàbá Délé, wọ́n ní kó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kò bá wọn jiyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Amuro.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ìbẹ̀rẹ̀ òkè méjèèjì bára mu lóòótọ́, àmọ́ orí wọn kò jọra. Mo ní sọ́fítíwíà náà ló tún ti ń ṣe ségesège. Mo kọ ẹjọ́ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwa tí à ń lò ó ti máa ń ran ara wa lọ́wọ́. Obìnrin kan tí mi ò rí rí dá mi lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Ègé òjé atọ́nà rẹ ńkọ́? Ibo ló bọ́ sí?”

Ẹ̀rọ ńlá yẹn máa ń yẹ̀ díẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí aago ọwọ́ yín ṣe máa ń sáré, tí ẹ fi máa ń tún un ṣe sí ti rédíò lálaalẹ́ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń wọn ègé òjé kan tí wọ́n mọ̀ dájú pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kí á lè fi tún ìlà ṣe. Wọ́n wọn tèmi náà. Ó wà nínú fáìlì. Àpótí kékeré kan wà lójú sọ́fítíwíà tó yẹ kí n fi àmì sí kó tó lè kà á. Mi ò fi àmì sí i. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń wo àpótí náà, mi ò fi àmì sí i.

Mo fi àmì sí i. Ìlà kànga rọra sún sápá òsì, ó kúrò lára ti bátìrì, ó lọ dọ́gba pẹ̀lú ìlà òjé inú àpáta, látorí délẹ̀. Erùpẹ̀ ọgbà Bàbá Délé ní òjé bátìrì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò sí nínú kànga wa. Mo jókòó. Gbogbo èébú tí mo ti bú sọ́fítíwíà yẹn, ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.

Ọjọ́ kẹta ni mo wọkọ̀ lọ sí Amuro. Abẹ́ ìbòòrùn níwájú ilé ni mo ti bá a, òun àti àbúrò rẹ̀ ń yọ ẹ̀gúsí.

“Okun o, ọmọ Tísà,” ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí àpótí kékeré náà. Nígbà tí mo parí, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀.

“Ohun tí ò ń sọ ni pé kì í ṣe èmi.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá.”

“Ṣé bàbá rẹ mọ̀?”

“Bàbá mi ti kú, sà.”

“Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ní, ṣé ó mọ̀?”

Mo sunkún níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bu omi fún mi. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹ ò sọ fún mi rí, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbẹ́ kànga yẹn, òun nínú kòtò, ẹ̀yin lókè, ẹ̀ ń fa korobá. Ó ní nígbà tí òun kan àpáta, òkúta kan wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó wúwo, ó ń dán bí dígí. Ó ní ẹ kó díẹ̀ sójú fèrèsé nítorí pé ó wù yín. Bàbá, inú àpáta yẹn náà ni òjé omi wa ti wá.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi padà. Níwájú àwọn àgbà àdúgbò, mo dìde, mo sọ pé mo ṣì í. Olórí wọn béèrè pé, “Ṣé kọ̀ǹpútà ló tàn ọ́ ni?” Ì bá rọrùn fún mi láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Rárá, bàbá. Èmi ni.” Ìyá ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Délé padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní ara òun ti mọ Amuro.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá ń fún mi lóúnjẹ, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Láàárọ̀ yìí, kí Bàbá Délé tó wọkọ̀, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ẹ sùn sí. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùnlé. Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Tísà, èmi rèé. Ọmọ rẹ ti wá sọ ọ́ fún mi.” Ó kàn dúró, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó wà lẹ́nu fóònù tó ń retí kí wọ́n dáhùn. Oòrùn ń mú un lórí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ní kó jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tó pẹ́, ó yíjú sí mi. “Ṣé o rò pé ó gbọ́?”

Mo sọ fún un pé ẹ gbọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń tẹ́tí.