Etí Tí Mo Ṣe fún Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Dókítà wá sílé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá, ahọ́n wọn ò gbé ọ̀rọ̀ mọ́ — ùn-ùn-ùn ṣáá. Dókítà bi wọ́n bóyá òru la wà. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé! Bàbá mi orí: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti mọ̀, orí wọn ti dàrú. Ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa wá gbé wọn lọ síbẹ̀.

Èmi ò gbà. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá. Kò sí orí tí wọ́n fá rí tí wọn ò fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́. Tí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè òmùgọ̀, èsì òmùgọ̀ lo máa gbà. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo gbé Etí wálé láti ibi iṣẹ́. Etí — orúkọ tí mo fún ẹ̀rọ wa tó ń gbọ́ èdè. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan náà ni mò ń lé: kí ẹ̀rọ yéé dẹ́rù ba ènìyàn. Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ báńkì máa sọ̀rọ̀ fún afọ́jú. Èmi ni mo bá wọn jà títí tẹlifóònù fi ń sọ "ẹ" fún àgbà dípò "o".

Bàbá sọ̀rọ̀ sí i. Etí ní: "Ariwo ni mo gbọ́." Inú bí mi débi pé mo pa á. Ariwo kẹ̀! Bàbá mi!

Ọjọ́rú, 5
Ariwo. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Yéè! Mò ń fọ eyín láàárọ̀, ọṣẹ kún mi lẹ́nu, ni Ìyá bá ń pè mí láti yàrá. Mi ò lè lanu. Mo fi imú dáhùn — ùùn, ún, ùùn. Ìyá ní: "Ìgbà wo lo máa wá dé? Àtàná lo ti ń bọ̀."

Wọ́n gbọ́! "Mò ń bọ̀" ni mo wí lóòótọ́. Ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀, ohùn lásán ni. Orí mi wú, mo dúró síbẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Àṣé ahọ́n nìkan ni àrùn gbà lọ́wọ́ Bàbá. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ ẹ̀rọ lédè, mo kọ́ ọ ní lẹ́tà, mo sì ń da orin inú rẹ̀ nù.

Mo sáré lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ùn-ùn Bàbá ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni! Láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ ni!

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Níbi iṣẹ́, a ní kí Etí pa lẹ́tà tì, kó máa gbọ́ ohùn nìkan. Mo fi imú sọ "Mo fẹ́ omi." Etí ní: "Mo fẹ́ jẹun." Ọ̀gá wa tó ń fẹ́ iṣẹ́ òní lánàá, tí a ń pè ní Kíá-kíá, ní ebi ò ní pa Bàbá láé, òùngbẹ ló máa pa wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Ohùn méjèèjì dọ́gba, kí ni kí ẹ̀rọ ṣe?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹ̀gbọ́n ti ń di ẹrù Bàbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo rí i. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ní àbọ̀ kì í ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán. Ó máa ń béèrè. Etí náà á máa béèrè, á sì dúró. Tí Etí bá gbọ́ ọ dáadáa, Bàbá á fi ọwọ́ òsì kan igi bẹ́ẹ̀dì. Kíá-kíá ní ẹ̀rọ tó ń béèrè dà bí ẹni tí ò mọṣẹ́. Mo ní kó lọ jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bàbá wo Etí látàárọ̀ dalẹ́. Wọn ò dún rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ẹ̀gbọ́n dé, mọ́tò ń dúró níta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Bàbá, ó pariwo bí gbogbo wa ṣe ń pariwo sí wọn láti ìgbà àìsàn yìí: ilé tuntun là ń lọ o, ṣé ó yé yín? Bàbá dún. Òkè, àárín, òkè, àárín. Etí ní: "Ṣé 'Ó ti yé mi' lẹ wí?" Ẹ̀gbọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Bàbá ò mira.

"Ẹ má bínú. Ṣé 'Ó ti sú mi' ni?"

Bàbá kan igi. Wọ́n tún kàn án, gbà gbà! Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo kígbe, ẹkún gbà mí. Ọlọ́run mi, Bàbá sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ!

Ẹ̀gbọ́n tún fi ẹnu sí wọn létí, ó lọgun: kí ló sú yín? Bàbá dún ní kúkúrú. Ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Etí ò tilẹ̀ ṣìnà:

"Ṣé 'Mò ń gbọ́' lẹ wí?"

Wọ́n kan igi.

Gbogbo ohun tí a ti sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn! Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Ẹ foríjì wá, Bàbá."