Wọ́n Se Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Hun Fún Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Inísà ni mo wà.

Mo fọwọ́ ara mi hun ìbọ̀sẹ̀ wúùlù fún ọkọ mi nítorí ọyẹ́. Omi tútù ni mo máa ń fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Òkukù, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ òwú funfun, wọ́n sè é lórí iná pé kó lè mọ́. Ó sún kì, ó dà bíi ti ìkókó. Mo figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í se wúùlù!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Fi í pamọ́ de ọmọ ẹ. Àbí o ò fẹ́ bí ni?"

Ọdún keje rèé tí mo ti ń wá ọmọ. Wọ́n mọ̀!

Ọkọ mi wá ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, pé mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀yin olùgbọ́, nínú èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ta ló yẹ kó bẹ èkejì?