Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án, 2014

Dókítà ti sọ ọ́ tán. Ó ti dé ẹ̀dọ̀ Felicia ìyàwó mi. Kò sí iṣẹ́ abẹ kankan mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé yìí — Àlejò ni èmi àti òun ń pè é.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé wa ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Bí Felicia ṣe bọ́ bàtà báyìí, ó ní, "Ẹ má sọ fún Ethan o. Ó di ìgbà tí season wọn bá parí." Ethan, ọmọ wa kan ṣoṣo — Igi Ńlá ni mo máa ń pè é — wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù ló fi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, bọ́ọ̀lù tiwọn yẹn, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sá kiri bí ẹni tó jí iṣu oníṣu. Ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n tó máa gbá a tán.

Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó rán mi létí 1993. Ìyá rẹ̀ kú ní Abẹ́òkúta nígbà tó ku oṣù méjì kó ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì níbí. Ẹnikẹ́ni ò túfọ̀ fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ lẹ́tà pé Màmá ń kí i. Ó yege tán, wọ́n wá sọ. Ó ní, "Ṣé mi ò wá di nọ́ọ̀sì ni?"

Mo búra fún un. Ṣé èèyàn lè bá Felicia jiyàn?

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Bashiru — a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Crossness, lórí ẹ̀rọ tó ń fa omi ìdọ̀tí — mú bébà kan wá fún mi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ọ̀la. Bàbá rẹ̀ ló máa ń ta tẹ́tẹ́ púùlù ní Ìbàdàn láyé ìjọ́un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Alágbà Púùlù. Kò sówó nídìí eléyìí. Ó ní kí èmi àti ìyàwó máa mú ẹni tó máa borí, kí nǹkan kan lè gbà wá lọ́kàn.

Orúkọ ẹranko ni tíìmù wọn púpọ̀ ń jẹ́. Èmi ń wo ẹni tó borí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó wà nílé, ẹni tó rìnrìn àjò. Felicia ń wo ẹranko. Ẹkùn àti Ìjàpá — ó ní Ìjàpá. "Ìjàpá ò ní bá a jà, á tàn án jẹ ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Tíìmù Ethan ni Àgbò. Ìyẹn nìkan la kì í jiyàn lé lórí: Àgbò ni.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ìjàpá borí! Felicia gba mẹ́fà, èmi mẹ́rin. Ó di Ìyá Ìjàpá láti òní lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Felicia ní kí n mú òun lọ sí Lesnes Abbey, ọgbà onígi tó wà nítòsí wa, òun fẹ́ wo àwọn igi kí ewé wọn tó re tán. A ò kọjá bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Òrùka rẹ̀ bọ́ sínú koríko, èmi ni mo wá a rí. Ìka rẹ̀ ò gbà á dúró mọ́.

Bashiru bá mi wí lẹ́nu géètì iṣẹ́. "Ẹ pe ọmọ yẹn, Daddy Ethan. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kì í ṣe ọmọdé." Mo ní mo ti búra. Ó ní ìbúra wo? Inú bí mi. Òótọ́ ló sọ ló jẹ́ kínú bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo bèèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí mo bá gba gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́sẹ̀ kan péré, á jẹ́ pé Ó ní kí n dalẹ̀ Felicia, kí n pe Ethan. Bí mi ò bá gbà á, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ á ní mo ń dán Ọlọ́run wò. Kí ó ní bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Méje.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo ń kàwé nípa àwọn tíìmù bí akẹ́kọ̀ọ́. Ojú ọjọ́ ní Nebraska ní Amẹ́ríkà, àti orúkọ àwọn tó fara pa níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ojú ọjọ́ ti Woolwich nítòsí ilé, mi ò mọ̀ — mo gbàgbé agbòjò sílé, òjò sì pa mí dé egungun ní ìdí Arsenal Station. Felicia ní kí ló dé tí mo fi ń lágùn lórí bébà yìí. Mo ní mi ò fẹ́ kí obìnrin borí mi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Márùn-ún. Felicia ò jẹun. Ethan pè, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn alááfíà, lẹ́yìn náà ó sùn wákàtí mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Ibùsùn rẹ̀ ti wà ní pálọ̀ báyìí. Ìka ló fi ń tọ́ka, mo ń sàmì sí i fún un. Nígbà tí a dé ti Àgbò, ó wò mí lójú, ó pẹ́. Mo ní, "Àgbò kẹ̀?" Ó mi orí: bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mú Àgbò.

Olúwa, mẹ́wàá. Mo bẹ̀ Ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mẹ́sàn-án.

Mẹ́sàn-án! Èyí tó já mi kulẹ̀ ni Àgbò. Tíìmù ọmọ bíbí inú mi, ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti wá nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Mo gbé e sílẹ̀. Ọlọ́run ti dáhùn: rárá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Felicia lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Ethan. Bashiru dúró tì mí. Mo ní, "Ara Mummy ò yá. Máa bọ̀." Ó ní, "Daddy, is she alive?" Mo ní, "Ṣáà máa bọ̀." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Èmi náà ti sọ ọ́ wàyí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo pàdé Ethan ní Woolwich Arsenal. Ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá, irin láti itan dé ojúgun. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí.

Orúnkún rẹ̀ ti já láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà. "Mummy said I shouldn't tell you, Daddy. Torí BP ẹ." Ó ní inú yàrá lòun ń jókòó sí. Oṣù kẹwàá lòun bẹ ìyá òun pé kí òun wá sílé, kó tọ́jú òun, nọ́ọ̀sì ṣá ni. Felicia ní rárá, kó dúró sọ́hùn-ún. "I could've come anytime. O ò sọ fún mi. Ẹ̀yin méjèèjì."

Bashiru tó bá mi wá ló gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ethan ti sùn báyìí. Mo jókòó, mo ń ṣírò. Ká ní mo mọ̀ pé ọmọ mi ò sí lórí pápá, mi ò ní mú Àgbò lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń wo orúkọ àwọn tó fara pa dé Nebraska bíi tèmi ò ní mú un láé; ti Àgbò nìkan ni mi ò wò. Mẹ́wàá ni ǹ bá gbà. Ọjọ́ Àìkú ni ǹ bá pè é, Ọjọ́rú ni ì bá ti wọlé, á bá a láàyè.

Felicia mọ̀ pé Ethan ò sí lórí pápá. Ó wò mí lójú, ó mọ̀, ó sì mi orí pé kí n mú Àgbò.

Inú ń bí mi sí Felicia. A ò tíì sin ín, inú sì ń bí mi sí i gan-an ni.