Igi Kédárì fún Bàtà Òsì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara mi le koko bí ọta.

Bàtà awọ dúdú tí ẹ fọwọ́ ara yín rán fún mi kò tíì bàjẹ́. Lánàá ni mo lọ ra igi tí wọ́n máa ń kì bọ inú bàtà kí awọ má baà hunjọ. Oníke wà, ti kédárì wà. Mo mú kédárì, torí ó ń fa ọ̀rinrin, ó sì ń ta sánsán.

Mo ní, "Ẹ yọ ti òsì nìkan fún mi."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ta ló ń ra ẹyọ kan?"

Ìgbà tó rí ọ̀pá tí mo fi ń rìn, àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mo ká sókè, ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí n máa mú méjèèjì lọ.

Ẹ má fòyà. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ló gé e, ojú egbò ti ń jinná. Bàtà ọ̀tún ni mo ń wọ̀. Ti òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó dúró digbí bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tí n kò fi wálé, ẹ ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè.

Èmi ọmọ yín.