Balkissou, Ìyá Faïssal: Ikú Tí Ẹnikẹ́ni Nínú Wa Kò Fọkàn Sí

Manigri ni wọ́n ti bí olóògbé Balkissou ní ọdún 1984, sínú ìdílé Bàbá Shehu, àgbẹ̀ oníṣu àti olóko kajú, àti Ìyá Aminatou. Òun ni àkọ́bí wọn.

Ó ka ìwé dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996, ìṣu jẹrà sóko, ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ní ọdún 2005 ó fẹ́ Habibullah, aránṣọ ní Bassila. Samira, àkọ́bí wọn, kú ní ọdún 2007. Wọ́n ní ibà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí Faïssal, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ni, èyí tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Oyún Bassirath, ọmọ wọn kẹta, ló wà nínú olóògbé nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, kí ó lè máa ka ohun tí dókítà bá kọ.

Ní ọdún 2014, dókítà kan ń dán oògùn antioxydant wò lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: oògùn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n ní kò lè wo àrùn náà sàn, bóyá yóò kàn dín ìrora kù. Ara Faïssal rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kajú pọ́n, ìrora padà dé, dókítà rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ fún un mọ́, ó sì fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdánwò náà. Àṣé ìyá ọkọ, Ìyá Assana, ló ń da oògùn náà nù, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá mu wàrà lé kajú yóò kú.

Nígbà tí olóògbé bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Ìyàwó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kajú, wàrà lo fẹ́ fún un mu? Ṣé o fẹ́ kí n tún sin èkejì ni?”

Olóògbé kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ̀kọ la ó máa fi pò ó.” Ó lọ ṣàlàyé fún dókítà, Faïssal sì ń bá oògùn rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sí Doguè àti Alédjo, àwọn ìlú tó wà nítòsí, tó ń bi àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí oògùn náà lásìkò kajú.

Mùsùlùmí òdodo ni, kì í fi ìrun ṣeré.

Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2025, ó ń gún iyán ní Manigri, ó ní orí ń fọ́ òun. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kò tíì dé Bassila tó fi dákẹ́. Kò ṣàìsàn rí. Faïssal ni gbogbo wa ń ṣọ́. Aṣọ funfun ìsìnkú ti wà nínú àpótí Ìyá Assana láti ọdún pípẹ́, nítorí Faïssal ni wọ́n fi rà á. Ìyá rẹ̀ ni a fi wé. Faïssal fúnra rẹ̀ ló bọ́ sínú sàárè, tó na ọwọ́ gbà á.

Ó fi ọkọ, òbí, ìyá ọkọ, Faïssal àti Bassirath sílẹ̀. Kò tíì rí ọmọ-ọmọ.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé fún un. Sinmi, Balkissou. A ó máa bá ọ ṣọ́ ọmọ náà.